Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso ẹgbẹ́ eré ìtakìtì wa: ẹ̀rù ọmọdé kì í gbọ́ gbèdéke

Sí Alága, Akọ̀wé, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ àti kóòṣì àgbà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdárayá lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ yòówù tí kò bá lè ṣe eré tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá tí kò tíì padà ṣe é, ẹ ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ń lọ ìdíje, ẹ ó sì dá a padà sọ́dọ̀ àwọn olùbẹ̀rẹ̀. "Ìgbésẹ̀ ìbáwí" lẹ pè é. Ẹ ò dárúkọ ẹnì kankan, àmọ́ kò sí òbí tó ka ìwé náà tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Ọmọ kan ṣoṣo ló já bọ́ láti orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, igi gígùn tí wọ́n ń takìtì lórí rẹ̀, ní sáà yìí tí eegun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ọmọ ọdún 12 ni. Èmi ni mo bí i.

Mo ti kọ̀wé sí yín lábẹ́lẹ̀, mo sì ti wá bá Akọ̀wé ní ọ́fíìsì. "A ó wò ó" ni èsì tí mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síta, kí àwọn òbí yòókù lè dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ní mọ sórí ọmọ tèmi. Ẹni tó bá ń takìtì yóò ṣubú. Ọjọ́ tó máa jẹ́ nìkan la ò mọ̀.

1. Ohun tí ẹ ń bá ọmọ wí fún kì í ṣe àìgbọ́ràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú yín kì í sí nínú gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn ọmọ bá ń dánra wò. Dókítà ti ní ọwọ́ ti jinná, ó ti fọwọ́ sí i pé kó padà. Ọmọ yìí á fi ẹfun pa ọwọ́, á gun igi, á to ẹsẹ̀ síbi tó yẹ, á na apá sókè, á tẹ orúnkún. Á wá dúró síbẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á ká mọ́ etí igi náà, itan rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kóòṣì á kígbe pé "Lọ!" Kò ní lọ. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Mo fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ mi ni kò lọ."

Ẹ wo ohun tí ẹ ní kó ṣe. Igi náà ga ní sẹ̀ǹtímítà 125, ìbú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹni tó bá ń takìtì sẹ́yìn lórí rẹ̀ kì í rí igi náà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà kó tó ṣubú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ìgbà tí nǹkan lọ déédéé. Ìgbà kan tó bà jẹ́ ló máa ń tọ́jú pamọ́. Bí ọmọ bá ti padà débi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀, àyà á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, èémí á kúrú, iṣan á le gbagidi. Ara ló ń dáàbò bo ara rẹ̀. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé iṣan tó le kì í jẹ́ kéèyàn takìtì dáadáa: apá á ká, ẹsẹ̀ kò ní lè ta ara sókè tó. Ẹni tí ẹ bá fi ariwo lé sókè nírú ipò bẹ́ẹ̀, ibi tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan lẹ tún ń tì í sí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Wọn ò ní ká na ẹni náà.

2. Ẹ yẹ ohun èlò wò kí ẹ tó yẹ ọmọ wò.

Níbi ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Sydney lọ́dún 2000, nígbà àṣekágbá àwọn obìnrin tó ń díje nínú gbogbo ẹ̀ka, àwọn eléré bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú léraléra nídìí ẹṣin ìfò, ohun èlò tí wọ́n ń fọwọ́ tì láti fò kọjá, èyí tí à ń pè ní tábìlì ìfò báyìí. Svetlana Khorkina ọmọ Rọ́ṣíà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ló máa gba góòlù, fi orúnkún gúnlẹ̀. Allana Slater ọmọ Ọsirélíà ló wá kíyè sí i pé nǹkan náà kò ga tó. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtímítà 5 ló fi dín. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ tún tirẹ̀ fò, ṣùgbọ́n Khorkina ti lọ sídìí ọ̀pá méjì tí wọ́n máa ń rọ̀ mọ́ kí wọ́n tó rí àṣìṣe náà, ó sì ti já bọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti pàdánù. Sẹ̀ǹtímítà 5 péré ló da ọkàn àwọn tó mọṣẹ́ yìí jù láyé rú báyẹn.

Nínú gbọ̀ngàn tiwa ńkọ́? Fóòmù méjì tó wà lábẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń sún kúrò lára wọn láti ìgbà pípẹ́. Okùn tó yẹ kó so wọ́n pọ̀ ti já. Àlàfo tó wà láàárín wọn gba àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Mo ti ọwọ́ ara mi bọ̀ ọ́, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí yín. Inú àlàfo yẹn ni ọwọ́ ọmọ mi bọ́ sí lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí. Ẹ rí àyè tẹ ìwé ìbáwí, ẹ ò rí àyè so fóòmù méjì pọ̀. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ojo. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni.

3. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ, àti èyí tí wọn kì í sọ.

Kóòṣì àgbà fẹ́ràn ìtàn Kerri Strug púpọ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa ló mọ̀ ọ́n lórí. Níbi Òlíḿpíìkì ti Atlanta lọ́dún 1996, ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 18 yìí fi ọrùn-ẹsẹ̀ ṣèṣe nígbà ìfò àkọ́kọ́, ó tún lọ fò ẹlẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìrora, Amẹ́ríkà sì gba góòlù ìdíje ẹgbẹ́. Ìtàn dídùn ni. Èyí tí wọn kì í fi kún un ni pé nígbà tí wọ́n ṣírò máàkì tán, Amẹ́ríkà ì bá ti gba góòlù náà kódà bí kò bá fò ẹlẹ́ẹ̀kejì rárá, àti pé ẹsẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó lè díje fún ara rẹ̀ láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí wọ́n máa sọ ni ti Elena Mukhina, ọmọ ilẹ̀ Soviet, tó gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1978. Ní 1979, ó kán lẹ́sẹ̀. Kí ẹsẹ̀ náà tó jinná dáadáa ni wọ́n ti dá a padà sídìí iṣẹ́, kó lè bá Òlíḿpíìkì ti Moscow. Òkìtì kan wà tó ń bà á lẹ́rù, ó sì sọ fún kóòṣì rẹ̀ pé nǹkan náà máa dá òun lọ́rùn. Wọn ò kà á sí. Ní July 3, 1980, ní Minsk, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ó fi àgbọ̀n balẹ̀ nídìí òkìtì yẹn gan-an, ọrùn rẹ̀ sì kán. Ọmọ 20 ọdún ni. Kò rìn mọ́ títí ó fi kú ní 2006. Wọ́n ti fòfin de òkìtì náà báyìí.

Ó ti sọ ọ́ fún wọn. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn náà nìyẹn.

4. Ẹni tó dúró díẹ̀ lè padà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín á ní tí a bá ń gba ẹ̀rù láyè, a ò ní rí ẹni tó máa gba àmì-ẹ̀yẹ mọ́. Simone Biles, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń takìtì, ni mo máa fi dáhùn. Níbi Òlíḿpíìkì ti Tokyo, tó wáyé ní 2021, ó fò sókè láti yí lẹ́ẹ̀mejì àbọ̀, ọ̀kan àbọ̀ ló rí yí. Kò mọ ibi tó wà nínú afẹ́fẹ́ mọ́. Ó fi ìdíje ẹgbẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó padà wá sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó yí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ padà sí èyí tí kò ní yíyí nínú, ó sì gba idẹ. Nígbà tó di 2024 ní Paris, góòlù mẹ́ta àti fàdákà kan ló kó lọ sílé. Kò sẹ́ni tó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

5. Ohun tó ń ṣiṣẹ́.

N kò sọ pé kí ọmọ máa jókòó wòran o. Ẹni tó bá ń sá fún nǹkan pátápátá, ṣe ni ẹ̀rù nǹkan náà á máa tóbi sí i. Mo mọ àwọn òbí tó ń fi ìkẹ́ ba èyí jẹ́, tí wọ́n á ní kí ọmọ sinmi oṣù kan, kó di méjì, títí ọmọ ò fi ní lè wo igi náà mọ́. Àwọn òbí mìíràn sì wà tó jẹ́ pé alaalẹ́ ni wọ́n ń béèrè pé "Ṣé o ṣe é lónìí?" Àwọn náà ń dá kún un.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló ṣáájú. Tó bá jẹ́ orí ni ọmọ fi gbálẹ̀, tí a sì fura pé ọpọlọ mì, kò gbọdọ̀ padà sídìí eré lọ́jọ́ náà, ì báà sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn eré ìdárayá ń tẹ̀ lé káàkiri ayé ni pé kó máa padà ní ìpele ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gba wákàtí 24 ó kéré tán, kó má sì lọ sí èyí tó kàn tí àmì àìsàn bá ń peléke sí i. Ọmọ tèmi kò forí gbá nǹkan. Síbẹ̀, mo ti wá ìlànà yìí nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ wa, n kò rí i.

Lẹ́yìn dókítà, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ó kọ́kọ́ ṣe òkìtì náà lórí ìlà tí a fi ẹfun fà sílẹ̀. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kó lọ sórí igi kúkurú tó sún mọ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, igi gíga, ṣùgbọ́n kí a to fóòmù jọ sábẹ́ rẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú igi dọ́gba, kí a wá máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa sọ bí ẹ̀rù náà ṣe pọ̀ tó, láti 0 dé 10. Tó bá ní 8 ni, a ò kúrò níbi tí a wà. Tó bá ti wálẹ̀ sí 3, a lọ síwájú. Lọ́jọ́ mìíràn á tún fà sẹ́yìn lẹ́yìn tó ti ṣe dáadáa lánàá, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Kí ìdánrawò máa parí sórí èyí tó ṣe tó yọrí, kódà kó jẹ́ èyí tó rọrùn jù, torí èyí tó ṣe kẹ́yìn ló máa gbé lọ sílé sùn.

Èyí kì í ṣe àbá òní. Ní 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ kékeré kan tó pè ní Peter, tó ń bẹ̀rù ehoro. Wọ́n ń gbé ehoro náà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn, títí ọmọ náà fi ń fọwọ́ pa á lára. Ní 1977, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ọkàn bíi tirẹ̀, to àwọn ohun tó ń mú kéèyàn gbà pé òun lè ṣe nǹkan. Èyí tó lágbára jù ni pé kéèyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó sì yọrí; kéèyàn rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣe é ló tẹ̀ lé e; ọ̀rọ̀ ìyànjú ẹnu lásán ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Igbe "Lọ!" kò tiẹ̀ dé ibi ọ̀rọ̀ ìyànjú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọwọ́ kóòṣì, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nígbà tí ọmọ bá ń padà bọ̀, kóòṣì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, á gbé ọwọ́ kan sí i lẹ́yìn, á fi ìkejì ti itan rẹ̀. Ó dára, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà: wọ́n á ní "Mo ti dì ọ́ mú," bí ọmọ bá ti fò, wọ́n á yọwọ́ lójijì, wọ́n á wá máa yọ̀ pé "Ṣé o rí i? Ìwọ nìkan lo ṣe é!" Ó lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ kejì, ọmọ kò ní gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ mọ́; ọwọ́ wọn ni yóò máa wò dípò igi. Wọ́n ṣe é fún ọmọ mi. Nígbà tó tún fẹ́ fò, ó yíjú wá wo ọwọ́ kóòṣì lẹ́yìn tí ara ti kúrò nílẹ̀, díẹ̀ ló kù kó tún já bọ́. Tí ẹ bá fẹ́ yọwọ́, ẹ sọ ọ́ fún un ṣáájú: lónìí ìka méjì péré ni mo máa fi kàn ọ́, lọ́la mo máa kàn dúró ni, lẹ́yìn ìyẹn mo máa lọ jókòó. Kí ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kó mí kanlẹ̀, kó sì jẹ́ kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, kó tó gbé ẹsẹ̀. Kó dijú, kó fi ọkàn ṣe òkìtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ṣe ń yára gan-an, kó balẹ̀ dáadáa nínú ọkàn náà. Kí ẹ sì máa kọ́ gbogbo wọn ní ṣíṣubú: bí a ṣe ń ká ara kò, bí a ṣe ń yí gbirigbiri, bí a kì í ṣe na ọwọ́ gbọọrọ sílẹ̀ láti fi gba ara. Àwọn tó ń kọ́ júdò, ṣíṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé wọn ṣánlẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti mọ bí a ṣe ń fò sókè, a ò kọ́ wọn ní bíbọ̀ sílẹ̀.

6. Àwọn tó ń wò.

Láti ìgbà tí ìwé yín ti wà lára ògiri, ọmọ kan ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé orúnkún ń dun òun, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún kóòṣì. Ìyá náà ló sọ fún mi. Ohun tí ìwé náà ń kọ́ wọn nìyẹn: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló gbé. Ìwádìí tí agbẹjọ́rò Anne Whyte ṣe lórí eré yìí ní Bìrìtéènì jáde ní June 2022. Ó lé ní 400 ẹ̀rí tí wọ́n kó wá bá a, ọmọ tí wọ́n fi tipá mú dánra wò pẹ̀lú ìpalára sì wà nínú rẹ̀, ariwo àti ìdójútì náà wà níbẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti 1989, sọ ní abala 12 pé kí a máa gbọ́ tẹnu ọmọ nínú ọ̀rọ̀ tó bá kàn án. Ẹ ò bi ọmọ kankan léèrè kí ẹ tó lẹ ìwé yín.

7. Ohun tí a ń béèrè.

Ẹ yọ ìwé náà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì fi òmíràn síbẹ̀ tó sọ pé ẹ ti fagi lé e. Ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ pa títí ẹ ó fi so fóòmù abẹ́ rẹ̀ pọ̀. Èyí kò gba ìpàdé, ó gba okùn tuntun. Ẹ kọ ìlànà ìpadàbọ̀ lẹ́yìn ìṣubú sílẹ̀, kí òbí, kóòṣì àti ọmọ fúnra rẹ̀ jọ fọwọ́ sí àtẹ̀gùn tí ọmọ máa gbà, láìsí ọjọ́ gbèdéke nínú rẹ̀. Kí kóòṣì má ṣe yọwọ́ mọ́ láìsọ ṣáájú. Tí ẹ̀rù bá sì ti wọ inú oorun àti oúnjẹ ọmọ, kí ẹgbẹ́ ran òbí lọ́wọ́ láti rí onímọ̀ nípa ọkàn tó mọ eré ìdárayá, dípò kí a fi í sọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo jù.

Ní ti ìdíje tó ń bọ̀, ẹ̀ka mẹ́rin ló ní. Ọmọ mi ń ṣe eré orí ilẹ̀, ọ̀pá àti tábìlì ìfò láìsí wàhálà, dókítà sì ti fọwọ́ sí i. Lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè ṣe èyí tí kò ní títakìtì sẹ́yìn nínú. Kí àwọn adájọ́ yọ máàkì tí wọ́n bá fẹ́ yọ. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Akọ̀wé. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òbí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín